Mo Pe Ẹja Aláìṣẹ̀ ní Òjìjí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Bí mo bá dárúkọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo Èjìgbò ní Èkó níbí ló máa mọ̀, nítorí kò sí àdúgbò kan níbẹ̀ tí wọn ò tíì pè mí sí láti wá wo iná. Oníṣẹ́ iná ni mí. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ọ̀gá ni mo ti kọ́ṣẹ́, tí mi ò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí àfi ìgbà tí mo lọ tún fáànù wọn ṣe.

Ẹrù kan wà lọ́rùn mi láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò pa ènìyàn. Mi ò jalè. Ẹja ni mo parọ́ mọ́.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ nígbà mìíràn. Àmọ́ irọ́ tí mo pa mọ́ ẹja yìí, orí ènìyàn ló lọ bà lé, ẹni náà gan-an ni mo sì fẹ́ fi ṣe aya. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹbí mi máa lọ mọ ẹbí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ jáde báyìí, kó má di pé ẹlòmíràn ló máa bá mi sọ ọ́ níwájú àwọn àna mi.

Màmá kan wà ní Ire-Akari tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti ta aṣọ títí ó fi sinmi, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti fọ́n ká sókè òkun. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú díẹ̀, dókítà ní kó dín ìrònú kù. Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bá ní àwọn ará ibi tí òun wà máa ń jókòó wo ẹja ni tí ara wọn fi ń balẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí ẹja onígíláàsì sí pálọ̀ màmá òun. Àlàájà kọ́kọ́ rò pé ẹja tí òun máa sè ni, ó ti ra ata sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń ta irú ẹja tí a ń wò tí a kì í jẹ yìí ní Àgọ́ Palace ló gbé àpótí náà wá. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ṣùkúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni oníṣẹ́ iná Àlàájà, èmi náà ni wọ́n pè láti wá so iná rẹ̀. Nǹkan méjì ló ń lo iná níbẹ̀. Gílóòbù kan wà tó ń tàn sórí omi, pọ́ǹpù kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, tó tún ń da omi rú kí ẹja lè rí atẹ́gùn mí.

Mi ò tíì tú irinṣẹ́ mi sílẹ̀ tí Ṣùkúrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sára ògiri, kó jìnnà sí abẹ́ àpótí. Ó ní kí n jẹ́ kí waya kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tó tún gòkè padà wọ inú rẹ̀. Ó ní omi máa ń tọ ara waya bọ̀. Bí waya bá rọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tó rọ̀ sí ni omi á ti kán sílẹ̀, kò ní ráyè wọ inú iná. Ó ní kí n wá púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n so waya ilẹ̀, èyí tó máa ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ inú ilẹ̀ lọ kó tó kan ènìyàn. Ó tún ní kí n fi bíríkà sí i, èyí tó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣìnà.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Àlàájà, ó ní kí màmá má ki ọwọ́ bọ omi láé láìkọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì. Ó ní kí wọ́n má kàn pa á o, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Ẹ̀yin ará, inú bí mi. Kò sí èyí tí kò tọ̀nà nínú ohun tó sọ, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú. Mo wò ó tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, tí àwọ̀n ìkẹ́ja wà ní ìhà rẹ̀, tó ń kọ́ èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin gbé àkàbà fún ọ̀gá. Mo ní, “Àǹtí, ẹ gbájú mọ́ ẹja yín, ẹ jẹ́ kí n gbájú mọ́ waya mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Bó ṣe lọ tán, òdìkejì gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Mo gbé ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì tó gbé àpótí náà. Mo na waya pọ́ǹpù tààrà láti inú omi wá síbẹ̀, kò rọ̀ níbì kankan. Mo gbà á gba abẹ́ ìdérí gíláàsì, ó há, mo sì fi ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ tipátipá. Ẹsẹ̀ méjì péré ni púlọ́ọ̀gì pọ́ǹpù náà ní, irú èyí tí kì í wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa. Ẹ mọ ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo ṣẹ́ ìgbálẹ̀ kan, mo ki í bọ ihò òkè kó lè ṣí, mo ti ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé, mo sì fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa bá wa dì í mú.

Gílóòbù tàn. Omi ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Àlàájà gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá ṣe é dáadáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe pọ̀ rí ní Èkó, ẹ mọ irú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn.

Oṣù mélòó kan kọjá. Àlàájà fẹ́ràn àwọn ẹja rẹ̀ débi pé ó sọ wọ́n lórúkọ àwọn orogún rẹ̀ àtijọ́. Ó ní ohun tí àwọn yìí fi dára jù ni pé wọn kì í fèsì. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tán, tí omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ bá wọn, láìwọ bàtà, lórí táìsì, á fún wọn lóúnjẹ, á sì fi ìka tọ́ omi láti kí wọn.

Nígbà tó yá, ọbẹ̀dò bẹ̀rẹ̀ sí í bo gíláàsì. Ṣùkúrà wá gbé ẹja kan wá tó dúdú, tó nírùngbọ̀n bíńtín, tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ bí ẹnu àgbà tó kọ oúnjẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kó máa lá ọbẹ̀dò. Agbálẹ̀ ni Ṣùkúrà ń pè é. Ẹja mìíràn ti gé etí ìrù rẹ̀ jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà, ibẹ̀ sì là bí ahọ́n ejò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Agbálẹ̀ dé tí Àlàájà fi ń sọ pé omi ń ta òun lọ́wọ́. Ó rò pé làkúrègbé ni, ó ń fi òrí pa á. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n ti mú iná lọ. Òdòdó oníke tí wọ́n fi ṣe inú omi lọ́ṣọ̀ọ́ ṣubú, Àlàájà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá láti gbé e dìde. Kò yọ púlọ́ọ̀gì kankan. Ta ló ń yọ púlọ́ọ̀gì nígbà tí kò síná? Àwa níbí, a ti sọ mímú tí wọ́n ń mú iná lọ di súwíìṣì wa. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi nígbà tí wọ́n mú un dé.

Ó ta á sẹ́yìn, ó sì jókòó lójijì sórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run ló gbé àga yẹn síbẹ̀. Ohun kan ò ṣe é, àfi ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tó já bọ́ sínú omi àti ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkìkì.

Kí wọ́n tó pè mí dé, Àlàájà ti dá ẹjọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja ní Odò Ògùn, òjìjí ta á, apá rẹ̀ sì kú títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo yín náà mọ òjìjí, ẹja tó ní iná lára. Àlàájà ní bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ló ṣe òun yìí. Ó ní ẹja dúdú onírùngbọ̀n tí wọ́n gbé wá láìpẹ́ yìí, òjìjí ni. Ìyá Bọ́lá tó ń gbé òkè ilé náà ti dé, ó jókòó, ó ń mi orí.

Mo yọ tẹ́sítà tó máa ń tàn bó bá kan iná, mo fi kan omi. Ó tàn pupa.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Ìgbálẹ̀ mi wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, omi sì ti kán yí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ká. Mo gbé ojú sókè wo ibi tí mo ti fi ìdérí tẹ waya. Gíláàsì ti jẹ ara waya náà títí ó fi kan bàbà inú rẹ̀, omi sì ń fọ́n sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo wo màmá arúgbó yìí tó ń nu ojú, mo rí i pé díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ di òkú sínú ilé ara rẹ̀.

Àlàájà ní, “Ẹnjiníà, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé iná ni àbí ẹja?”

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti la ẹnu. Ìyá Bọ́lá ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ní bó bá jẹ́ pé iná wà nínú omi, ṣé àwọn ẹja yòókù á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri báyìí, ṣé wọn ò ní ti kú ni? Mo mọ èsì ìbéèrè yẹn dáadáa. Ẹyẹ ń bà lé waya ńlá lójú pópó, kò sì kú, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja inú àpótí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tó dúró lórí táìsì, tó wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òun ni iná máa gba ara rẹ̀ kọjá lọ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti tẹ́sítà bọ àpò.

Mo ní, “Àlàájà, ẹja ni.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Wọ́n wúwo lọ́kàn mi títí dòní.

Àlàájà pa àtẹ́wọ́, ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹja náà tún gbọ́n, nítorí bí wọ́n bá ti mú iná lọ, kì í ta ènìyàn, ó máa ń sùn ni. Kò sí ẹnì kankan nínú pálọ̀ yẹn tó béèrè ìdí tí ẹja á fi máa dúró de àwọn oníná kó tó ṣiṣẹ́. Èmi tí mo jẹ́ Ẹnjiníà ni mo tún ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òjìjí fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo ní kí wọ́n kúrò nítòsí kí n lè mú òjìjí náà. Bí wọ́n ṣe jáde, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi àwọ̀n gbé Agbálẹ̀ sínú korobá ọ̀dà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù náà, mo gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sára ògiri, mo jẹ́ kí waya rọ̀, mo so waya ilẹ̀, mo fi bíríkà sí i. Gbogbo ohun tí Ṣùkúrà ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ṣe, ọ̀kan ò yẹ̀. Mo sọ fún Àlàájà pé mò ń tún un ṣe kí iná òjìjí má baà ba iná ilé jẹ́ ni. Ó tún gbàdúrà fún mi.

Láti ọjọ́ náà, omi ò ta ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ò rí i? A mú ẹja lọ, títa dáwọ́ dúró. Ẹ̀rí ti pé nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí.

Wọ́n ní kí n lọ da Agbálẹ̀ sí kánààlì. Mo gbé e débẹ̀ lóòótọ́. Mo wo inú korobá, mo rí i tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tó ń lá ọ̀dà àtijọ́ tó ti gbẹ, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé wọn ò tíì lé e kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò lè dà á nù. Mo gbé e lọ sílé. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Èjìgbò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di onílé tó ní ayálégbé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ Ìyá Bọ́lá ní ẹnu. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo Ire-Akari ti gbọ́ pé ẹlẹ́ja kan wà ní Àgọ́ Palace tó ń ta òjìjí fún arúgbó. Wọ́n sọ Ṣùkúrà ní Ìyá Olójìjí. Àwọn ènìyàn ń dá ẹja padà fún un. Ọkùnrin kan gbé ẹja pupa kan tí kò tó ìka ọwọ́ wá, ó ní òun náà ti ń rí i lójú rẹ̀ pé ó ní nǹkan nínú. Kò pẹ́ tí Ṣùkúrà fi pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, tó kó lọ sí kíóòsì kékeré kan ní Ìsọlọ̀.

Kó tó kó lọ, ó wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ yẹ iná yẹn wò dáadáa?” Mo ní mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dúpẹ́, ó lọ. Bó bá bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kún ojú mi mọ́. Mo wá a lọ sí Ìsọlọ̀, mo ní mo gbọ́ pé ó ní ṣọ́ọ̀bù tuntun, pé kó jẹ́ kí n bá a so iná ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo so ó dáadáa. Gbogbo waya rọ̀, gbogbo púlọ́ọ̀gì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lókè, bíríkà sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọmọ kékeré pàápàá lè rí. Ó dúró tì mí, ó ń wò mí. Ó ní mo ti wá mọ gbogbo rẹ̀ báyìí. Mo ní a ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo tún padà lọ. Gílóòbù kan kú. Mo tún padà lọ, kò sí gílóòbù tó kú. Kí n tó mọ̀, mo ti ń jẹun níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, ìyá rẹ̀ ti ń bi mí pé agboolé wo ni wọ́n bí mi sí ní Ìkirè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Èmi ju tèmi kí ẹni náà tó di ará ilé mi, òkò náà sì dúró dè mí.

Agbálẹ̀ náà ń dàgbà. Ó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá báyìí, ọpọ́n ìwẹ̀ mi ló ń gbé, èmi ni mò ń wẹ̀ nínú korobá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja, nítorí náà mo máa ń bi Ṣùkúrà. Mo ní kọ́sítọ́mà mi kan ló ní ẹja tó ń jẹ ọbẹ̀dò, bí ọbẹ̀dò bá tán ńkọ́? Ó ní kí kọ́sítọ́mà náà máa fún un ní kùkúńbà àti tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀. Mo ní bó bá fẹ́ pààrọ̀ omi ńkọ́? Ó ní kó jẹ́ kí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ sùn mọ́jú, kí oògùn inú rẹ̀ lè lọ, kó tó dà á sí i. Kò bi mí nípa kọ́sítọ́mà yẹn rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò fẹ́ ba ẹ̀rín rẹ̀ jẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, oṣù ààwẹ̀ ni, mo ní a kì í bí aláàwẹ̀ nínú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ojo ni mí.

Ohun méjì ló ti mi dé ibi tí mo wà yìí. Àkọ́kọ́ ni pé lóṣù tó kọjá, ilé mìíràn ní Ire-Akari pè mí pé omi ẹja àwọn ń ta ènìyàn. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá ilé náà ń ki ọwọ́ bọ omi, ó ń kó àwọn ẹja jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá òjìjí. Waya pọ́ǹpù rẹ̀ sì ti bó níbi méjì. Mo fò, mo fa púlọ́ọ̀gì náà yọ. Bàbá náà ní kí ló dé tí mo fò bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé irọ́ mi ò tíì kúrò nílẹ̀, ó ṣì lè pa ènìyàn.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ máa lọ sílé láti ṣọ́ọ̀bù Ṣùkúrà. Ó di kùkúńbà méjì sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi.

Ó ní, “Ẹ gbé èyí lọ fún kọ́sítọ́mà yín. Ìrù ẹja yẹn tó là ńkọ́, ṣé ó ti jinná?”

Mi ò sọ̀rọ̀ ìrù fún un rí. Mo dúró bí òpó iná. Ó ń ṣan àwọ̀n rẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti so iná ṣọ́ọ̀bù òun ni. Ó ní ẹni tí ẹ̀bi ò sí lọ́rùn rẹ̀ kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, “Mo ti rẹ́rìn-ín yín títí. Mo ti bínú náà, ẹ ò kàn rí i ni. Mi ò ní kí ẹ má wá fẹ́ mi o. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ Ìyá Olójìjí wọ ilé ọkọ.”

Ó tọ̀nà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó tọ̀nà gan-an. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, ojú sì ń tì mí. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, èyí tí mo sì pa mọ́ ti tóbi ju ọpọ́n ìwẹ̀ lọ.

Mo ti pinnu. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí a bá kírun tán, màá gbé Agbálẹ̀ sínú korobá, màá gbé e lọ bá Àlàájà, màá dọ̀bálẹ̀ lórí táìsì yẹn. Màá ní kí wọ́n pe Ìyá Bọ́lá wálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu tó gbé irọ́ mi káàkiri lè gbé òótọ́ mi náà. Àlàájà lè lé mi. Gbogbo Ire-Akari lè ní àwọn ò fẹ́ Ẹnjiníà tó ń fi ìgbálẹ̀ so iná mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbà á, nítorí Ṣùkúrà náà ti pàdánù ṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni èyí. Ṣé kí n mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání kó bá mi bẹ̀bẹ̀, àbí kí n dá lọ bí mo ṣe dá a ṣe? Àti pé bí Àlàájà bá dárí jì mí, ṣé kí n dá Agbálẹ̀ padà fún un, àbí kí n kọ́kọ́ bi Ṣùkúrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kó tó di Jímọ̀. Ẹ má sì bú mi jù, mo ti bú ara mi sílẹ̀ dè yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí ẹja nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nísinsìnyí kí ẹ lọ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbálẹ̀ tàbí ìdérí bírò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná níbi mẹ́ńì, súwíìṣì ńlá gbogbo ilé, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ ṣì yọ púlọ́ọ̀gì.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pe ọmọbìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ìyá Olójìjí kí n tó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà, ẹ bá mi sọ fún un pé Ẹnjiníà ní kì í ṣe ẹja. Iná ni. Èmi ni mo so ó.